Òdo Ni Wọ́n Kọ Sí Ojúlé Wa

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, mo ti dé. Kí ẹ tó bi mí léèrè ohun tí mo rà bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Mo ti kọ ẹjọ́ yìí lẹ́ẹ̀mẹta lédè Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tó yẹ kó kà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, pẹ̀lú ojú-ìwé tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹ̀yin ni mo wá ń kọ ọ́ sí báyìí, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n ń pa lójoojúmọ́ níbẹ̀, ẹ ò sì mọ̀.

Oògùn ṣáájú kọ́kọ́rọ́

Màdáámù Greta ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ nílùú òyìnbó tí mo lọ ṣiṣẹ́. Òun ló gbà mí sí yàrá kan nínú ilé rẹ̀. Kò kí mi káàbọ̀, kò bi mí bóyá ọ̀nà dára. Ó na páálí oògùn kékeré kan sí mi, ó ní, "Fi sí ẹ̀gbẹ́ iyọ̀."

Mo ní oògùn kí ni. Ó nawọ́ sí fèrèsé. Ní òdì kejì pápá, ilé gogoro méjì dúró bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń tú èéfín omi funfun sókè. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Èéfín náà dúró ṣánṣán bí òpó. Ilé-iná átọ́ọ̀mù ni, ibẹ̀ ni iná mọ̀nàmọ́ná wọn ti ń wá.

"Tí fèrè bá dún, gbé ẹyọ kan mì," ó ní. "Á kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ, májèlé ò ní ráàyè wọ ibẹ̀. Má jáde síta." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, fèrè dún. Ó ń ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo dígí ilé ń gbọ̀n. Mo gbé oògùn mì, mo wọ abẹ́ tábìlì. Màdáámù Greta ká aṣọ tábìlì sókè, ọ̀bẹ búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìdánwò ni. Oṣooṣù la máa ń ṣe é."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí kì í ṣe ìdánwò?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò ní bọ́ sí ọjọ́ Ajé," ó ní, ó sì ń gé búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ìkíni ńkọ́? Mo kí ọkùnrin kan nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè, ó wẹ̀yìn wò kó mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Oúnjẹ wọn, búrẹ́dì dúdú tó le bí pákó ni, àti ẹja tútù tí èéfín kàn yọjú sí, tí kò wọlé tọ̀. Ọjọ́ tí mo din ata, Màdáámù Greta wúkọ́ títí, ó ṣí gbogbo fèrèsé nínú òtútù, ó sì lẹ ìwé mọ́ ìlẹ̀kùn mi: "Jọ̀wọ́, má sun ohunkóhun mọ́." Obìnrin tó ń wo ìkòkò átọ́ọ̀mù méjì láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ló ń sá fún ata rodo!

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe jàm̀bá

Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe nìyí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ákòkà, ìmọ̀ ooru ni mo kọ́: bó ṣe ń wọ inú nǹkan, bó ṣe ń jáde. Níbẹ̀, àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé jàm̀bá ilé-iná átọ́ọ̀mù, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti yan ẹja rí á tètè mọ̀ ọ́n. Tí Màámi bá fa igi kúrò lábẹ́ ẹja, iná ti kú, ṣùgbọ́n ògúnná ò kú. Tí wọ́n bá gbàgbé, ẹja á di èédú níbi tí kò ti sí ọwọ́ iná kankan. Bí ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n lè pa á kíá, ṣùgbọ́n ooru tó kù nínú epo rẹ̀ kì í gbọ́ràn. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí i ká lọ́sàn-án lóru. Nínú jàm̀bá tiwa, iná mọ̀nàmọ́ná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ kò tan, irú èyí tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa. Omi dúró. À ń wo ohun tí epo máa ṣe.

Epo náà kì í ṣe olómi. Òkúta yùréníọ̀mù ni, wọ́n gé e kéékèèké, wọ́n tò ó sínú ọ̀pá irin tínrín. Irú mẹ́ta la dán wò. Irú ti àtijọ́: tí ooru bá pọ̀, èéfín omi á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ọ̀pá rẹ̀, jíjẹ náà á tún mú ooru mìíràn wá, ọ̀pá á bẹ́, májèlé á jáde. Irú kejì: òkúta kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n kun ara ọ̀pá rẹ̀ kí èéfín omi má tètè rí i jẹ. Irú kẹta ò ní ọ̀pá rárá: horo wẹ́wẹ́ bíi gàrí ni, wọ́n wé horo kọ̀ọ̀kan ní ìpele ìpele bí ẹni wé ọmọ tuntun nígbà ọyẹ́. Ooru dé ibẹ̀, májèlé ò jáde bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí epo bá ti bàjẹ́ tán, kọ̀ǹpútà á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba orí ìlú kan kọjá. Ìlú wo? Mo bi Lárs, ọ̀gá mi, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní àwọn kì í lo ìlú tiwọn, nítorí àwọn ará ibẹ̀ lè ka ìwé náà, kí àyà wọn sì já.

Ó wá ṣí ojú kọ̀ǹpútà.

Mo rí Ọ̀sà. Mo rí afárá gígùn. Mo rí Akòkà, mo rí Ladi-Lak, Ọbáníkòró, gbogbo òrùlé Ṣómólú tó fara ti ara wọn bí èèpá ẹja. Kò sí èèyàn kan lójú títì. Kò sí ìró. Bàrígà láìsí ariwo, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo sún ojú mọ́ ọn, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń pe àdúrà, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, mo wá rántí pé àwòrán lásán ni mò ń tẹ́tí sí.

Létí omi, níbi tí kò sí nǹkan kan tí ẹ lè lọ wò, wọ́n gbé ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kan kalẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìlú etí omi ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, kí wọ́n lè mọ epo tó tó fún irú wa.

"Tó tó" ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

Àlùkò

Àwọ̀ ni májèlé máa ń ní lójú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìyeyè, á pọ́n, á wá di àlùkò. Ibi tó bá di àlùkò, wọn kì í sọ pé èèyàn kú níbẹ̀. Wọ́n á ní ó ti "lọ".

Kọ̀ǹpútà náà máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lárs wo aago, ó gbé kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. A ó ti padà dé kí Ọbáníkòró tó lọ." Mo bá wọn lọ. Mo jẹ ẹja tútù. Nígbà tí a padà dé, Ọbáníkòró ti lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín àwòrán ìlú sí àpótí àpótí, gbogbo àpótí tó yí ilé wa ká máa ń di àlùkò, tiwa kì í yí padà. Màámi ń gbé lórí omi ní Ìlàjẹ Bàrígà, nínú ilé pákó tí òpó gbé dúró, bíi ti gbogbo ẹbí wa tó wá láti etí òkun Òǹdó. Ilé yẹn ló sún mọ́ jàm̀bá jù. Epo ti àtijọ́, epo kejì, epo kẹta, èyí tó wù kí a lò, àpótí Màámi á dúró láwọ̀ omi, mímọ́ tónítóní. Ẹ má bínú sí mi, mo yọ̀. Onímọ̀ ooru bíi tèmi yọ̀ sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló ń fò wọ́n dá.

Mo pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ kan tí àlùkò ń rìn bọ̀ láti etí omi.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń yan ẹja. Kí ni mo tún máa ń ṣe?" Mo ń gbọ́ bí igi ṣe ń ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Dúpẹ́ ọmọ mi, ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì pa ọ́?"

"Kò tíì pa mí."

Lójú kọ̀ǹpútà, àlùkò kan ẹ̀gbẹ́ àpótí wọn.

"Ẹ̀ẹ́n," Màámi ní, "afẹ́fẹ́ kan kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé báyìí ni. Ó gbóná bí ojú ààrò. Mi ò mọ ibi tó ti wá."

Mo ju fóònù sílẹ̀. Mo tẹ àpótí náà kí n rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlà méjì péré ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Omi.

Èèyàn: òdo.

Ohun tó dá Màámi sí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè kú níbi tí kò sẹ́ni kankan.

Ìwà burúkú òdo náà ò parí síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ jìnnà díẹ̀, wọ́n lè sá àsálà epo yòówù tí a bá lò, bí ìkìlọ̀ bá tètè dé; bí kò bá dé, àwọn náà á lọ, epo yòówù tí ì báà jẹ́. Àwọn tó wà lórí omi nìkan ni ìyàtọ̀ epo kàn. Pẹ̀lú ti àtijọ́, kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀, májèlé ti dé bá wọn. Pẹ̀lú méjì yòókù, wọ́n á ti wakọ̀ lọ. Yọ àwọn èèyàn yẹn kúrò, epo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ ara wọn. Lárs sì ti kọ ọ́ sí ìparí ìwé náà: "Ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Epo ti àtijọ́ tó."

Mo gbé e lọ bá a. Mo ní, "Ìyá mi ń gbé níbí."

Ó wo àpótí, ó wò mí. "Omi ni wọ́n fún mi."

"Ta ló fún yín?"

"Ẹnì kan nílùú yín ló lọ wò ó. Ó wà lákọsílẹ̀." Kò bínú, kò jiyàn. Ì bá dára ká ní ó bínú. "Mú iye wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò ní. Òpin oṣù ni ìwé náà ń lọ."

Ilé

Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn. Mo rò pé ariwo Bàrígà á wo ìpayà náà sàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Télọ̀ àdúgbò kan ní Ladi-Lak kí mi, "Àǹtí òyìnbó, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ti funfun!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ìṣẹ́jú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń di àlùkò. Gbogbo ẹni tó kí mi lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ ìṣẹ́jú tirẹ̀.

Orúkọ ẹni tó lọ wo ibẹ̀ wà lákọsílẹ̀ lóòótọ́: Bùọ̀dá Táfà, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Òun ló máa ń ya àwòrán àdúgbò fún ẹni tó bá fẹ́. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yíǹkì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo tú gbogbo ìbínú mi lé e lórí ní ìtẹ̀léra, ẹ̀sùn kíní, ẹ̀sùn kejì. Ó jẹ́ kí n kà á dé ẹ̀sùn karùn-ún.

"Àǹtí mi, ẹ̀sùn yín ti tó ká dì í níwèé," ó ní. "Ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́?" Ó nu ọwọ́, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ páálí. "Èmi gan-an ni mo wọkọ̀ débẹ̀. Mo béèrè. Ẹ wò ó, ohun tí wọ́n bá sọ fún mi ni mo máa ń kọ, mi ò kì í fi kún un."

Mo kà á. Ó ti kọ ọ́ pẹ̀lú bírò: "Mo bi ìyá kan níbi tó ti ń yan ẹja pé èèyàn mélòó ló ń gbé níbí. Ó ní: kò sí èèyàn níbí o, omi ni."

"Ìyá wo?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn. Iná ti bó wọn lápá òsì rí, láti ọrùn ọwọ́ dé ibí." Ó fi ìka oníyíǹkì rẹ̀ tọ́ka sí apá tirẹ̀.

Mo mọ ọjọ́ tí iná bó apá yẹn. Èmi ni mo da epo pupa sójú egbò náà.

Àjẹ̀

Màámi ò sẹ́. Wọ́n jókòó sídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó gbé ìwé dání, ó ń wo orí òrùlé káàkiri. Ó ní èèyàn mélòó. Mo ní kò sí èèyàn níbí. Kí lo fẹ́ kí n wí?"

"Màámi, ẹ dúró níwájú rẹ̀!"

"Mo dúró níwájú rẹ̀. Ó rí mi. Ó kọ òdo." Wọ́n gbójú sókè. "Èwo nínú àwa méjèèjì lo wá ń pariwo mọ́?"

Wọ́n tún yí ẹja kan padà.

"Àwọn tó kà wá kẹ́yìn, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ iye wa sára pákó, kí wọ́n tó wó ilé. O ti wà ní pírámárì nígbà náà. Ṣé o rántí ibi tá a gbé lẹ́yìn ìyẹn?"

"Inú ọkọ̀."

"Ó dáa tó o rántí."

Mo jókòó, mo ṣàlàyé epo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn. Kò gbà mí ní àsìkò rárá. Ẹni tó mọ̀ pé èèpo àgbọn máa ń jó fòò kó parí, tí igi etí omi sì ń kú lójú láì kú nínú, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ nípa ooru? Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Táa bá wá jẹ́ òdo ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń tú okùn ọkọ̀, Màámi. Wọ́n á ní epo ti àtijọ́ tó."

Ẹja kan ń jóná, wọn ò yí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mi ò ní jẹ́ kí o máa nawọ́ sí ọmọ àwọn èèyàn lẹ́yọ lẹ́yọ, kó o wá fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n. Ka àjẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa lórí omi, kálukú ló ní àjẹ̀ tirẹ̀ tó fi ń wakọ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni bàbá máa ń gbẹ́ kékeré fún ọmọ. A kì í yá a, a kì í jogún rẹ̀. Mo wọkọ̀, Màámi jókòó síwájú, a ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kò sẹ́ni tó lé wa. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

"Dúpẹ́," aládùúgbò wa kan ké láti ojú fèrèsé, "ṣé àwọn òyìnbó fẹ́ wá bá wa díje ni?"

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀!" ẹlòmíràn fèsì.

Ilé wa la parí sí. Àjẹ̀ Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi, èyí tí Bàámi gbẹ́, wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kò ju apá mi lọ. Màámi nawọ́ sókè sábẹ́ òrùlé, wọ́n fa ẹ̀kẹta yọ, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní etí omi rántí ọdún náà. Ọkọ̀ Bàámi padà wá fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọra wá fara ti òpó ilé wa bó ti máa ń ṣe. Àjẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó gbẹ. Bàámi nìkan ni kò sí níbẹ̀. A ò rí wọn títí dòní.

"Ka ìyẹn náà," Màámi ní.

"Màámi..."

"Ṣé àjẹ̀ ni, àbí kì í ṣe àjẹ̀?"

Mo kà á.

Ìmeèlì

Mi ò ní kọ iye náà síhìn-ín, mo ti ṣèlérí fún Màámi. Mo fi ránṣẹ́ sí Lárs kí oṣù tó parí. Ìbéèrè kan ló fi dá mi lóhùn: "Àjẹ̀ kan, èèyàn mélòó?" Mo kọ ọ́ padà pé ẹyọ kan. Ó dúpẹ́.

Ó tún jàm̀bá náà ṣe. Ó yọ "ìyàtọ̀ kò tó nǹkan" kúrò, ó kọ ọ́ sípò rẹ̀ pé epo ti àtijọ́ kò tó fún ìlú tó ń gbé lórí omi. Ó fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, mo fi han Màámi lórí fóònù nídìí ààrò.

Nínú àkọ́kọ́, àpótí wa di àlùkò. Màámi wò ó pẹ́. "A ti wá wà níbẹ̀ báyìí," wọ́n ní. Wọn ò sọ bóyá wọ́n ń dúpẹ́ ni, àbí wọ́n ń fẹjọ́ sùn.

Nínú ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta, àpótí náà ṣófo, ó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ibo la lọ?"

"Ẹ ti wakọ̀ kúrò kó tó dé. Ẹni tó bá ti jáde nínú àwòrán, kọ̀ǹpútà ò tẹ̀lé e mọ́."

Wọ́n fa igi kan kúrò lábẹ́ ẹja. Wọ́n wo òkè, síbi tí àjẹ̀ Bàámi wà lábẹ́ òrùlé.

"Ó bá wa lọ?"

Èmi tí mo kọ ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta nítorí òdo kan. Èmi tí kì í jẹ́ kí àmì ohùn kan ṣìnà. Mo mọ̀ dáadáa pé iye tí mo fi ránṣẹ́ fi ẹyọ kan lé, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa wà nínú ìwé náà.

"Ó bá yín lọ, Màámi," mo ní.